Ápù Kì í Hù ní Fìdítì

Èyí ni àkọsílẹ̀ ohun tí mo sọ lórí ètò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí. Bó bá jẹ́ pé kíkà ló rọ̀ yín lọ́rùn ju gbígbọ́ lọ, tiyín nìyí.

Ẹni tó wà nínú dánfó, ẹni tó ń fọ àwo lọ́wọ́, ẹni tó ti fi fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí tó ń dúró de oorun, gbogbo yín ni mo kí.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Fìdítì. Bẹ́ ẹ bá ti gba títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ rí, ẹ mọ ibẹ̀. Mọ́tò ò tíì dúró tán tí wọ́n á ti na ọsàn sí yín lójú fèrèsé. Ọsàn nínú apẹ̀rẹ̀, ọsàn nínú ọ̀rá, ọ̀pẹ̀yìnbó tí wọ́n tò sórí tábìlì. Ìyá mi àgbà ní àtẹ kan níbẹ̀. Lórí àtẹ yẹn ni wọ́n ti rí owó ilé-ìwé ìyá mi.

Láìpẹ́ yìí, mo lọ kí wọn. Ọmọ àǹtí mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, jókòó sáàárín apẹ̀rẹ̀ ọsàn, ó di fóònù ìyá rẹ̀ mú. Fóònù ń kọrin lẹ́tà, òun náà ń tẹ̀ lé e: A ni ápù, B ni bọ́ọ̀lù. Nígbà tó dé orí O, ó ké rara pé, "Orange!" Mo bi í pé, "Orange dà?" Ó fi ìka kan ojú fóònù. Mo ní, "Òmíràn ńkọ́?" Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin tó yí i ká. Ó ní, "Kò sí."

Ìyá mi àgbà rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in, torí mo mọ ọmọ mìíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Èmi ni.

Ìdí nìyẹn tí ètò tòní fi dá lórí ọ̀rọ̀ kan tó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré: báwo la ṣe ń kọ́ orúkọ nǹkan lédè Òyìnbó? Àti pé ìgbà wo ni orúkọ di ohun tí èèyàn lè mọ̀ láìmọ nǹkan tó ń jẹ́ orúkọ náà?

Ọjà ni kíláàsì àkọ́kọ́

Kí Òyìnbó tó dé, àwọn baba wa ti ń kọ́ orúkọ nǹkan àjèjì. Àlùbọ́sà, ràkúnmí, fìlà, tákàdá: ọ̀nà àríwá ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gbà dé ọ̀dọ̀ wa, láti ẹnu àwọn Hausa, òmíràn láti inú èdè Lárúbáwá. Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ "àlùbọ́sà" ń gbóòórùn rẹ̀ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì ń ṣomi. Kò sẹ́ni tó ní kó há a sórí.

Nígbà tó yá, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú òkun wọlé. Ẹ wo àtẹ ìyá mi àgbà dáadáa. Gúúsù Amẹ́ríkà ni káṣú àti ọ̀pẹ̀yìnbó ti wá. Íńdíà àti agbègbè rẹ̀ ni máńgòrò ti wá. Ọsàn dídùn tí gbogbo ayé mọ Fìdítì mọ́ gan-an, ìdí rẹ̀ wà ní Éṣíà. Àlejò ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan tí a ò sọ lórúkọ.

Ọ̀nà mẹ́ta la sì ń gbà sọ wọ́n lórúkọ. Ọ̀nà kìíní, a mú ọ̀rọ̀ àlejò, a tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi bá ẹnu wa mu. Ẹnu Yorùbá kì í gba kọ́ńsónáǹtì méjì tó so mọ́ra, kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Torí náà la ṣe ń fi fáwẹ́lì há a láàárín: búrẹ́dì, súkúrù, símẹ́ńtì, fóònù. Bí ẹnìkan bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ pe "búrẹ́dì", ẹ sọ fún un pé òfin lẹ̀ ń tẹ̀ lé.

Ọ̀nà kejì, a wo nǹkan náà, a wo ohun tó jọ nínú tiwa, a sì so wọ́n pọ̀. Ewé orí ọ̀pẹ̀yìnbó dà bí imọ̀ ọ̀pẹ, Òyìnbó ló sì gbé e dé, ló bá di ọ̀pẹ Òyìnbó. Ọ̀nà kẹta, a fi iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe pè é. Nígbà tí rádíò dé, tó ń sọ̀rọ̀ láìdúró gbọ́ èsì, a pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn ní 1959, ó di amóhùnmáwòrán. Ilé-ìwé àwọn ọmọ kéékèèké tí ìyá fẹ́ fi ọmọ sí kí ilé lè dákẹ́ díẹ̀, a pè é ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹni tó ronú orúkọ yẹn, mo fẹ́ ra ọsàn fún un.

Ẹ má rò pé àwa nìkan là ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Nígbà tí àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì rí ọ̀pẹ̀yìnbó fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn náà ò mọ ohun tí wọn yóò pè é. Wọ́n ní ó jọ èso igi páìnì tó wà nílé wọn, ni wọ́n bá pè é ní pineapple. Ìyẹn ni pé wọ́n mú páìnì, wọ́n mú ápù, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun tí kì í ṣe páìnì, tí kì í sì í ṣe ápù. Àgbálùmọ̀ wa náà, African star apple ni wọ́n ń pè é. Ápù kì í hù ní Fìdítì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ápù nílé rẹ̀ yóò fi wo gbogbo èso tó bá bá pàdé. Bí orúkọ ṣe ń rìn nìyẹn. Ohun tí èèyàn mọ̀ ló fi ń mú ohun tí kò mọ̀.

Ọmọkùnrin Ọ̀ṣoògùn

Ẹni tó fi èyí hàn wá jù lọ, ọmọ agbègbè wa ni. Ọ̀ṣoògùn ni wọ́n ti bí i, ní ìhà Ìsẹ́yìn, nínú ohun tó di Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lónìí. Àjàyí lorúkọ rẹ̀. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú kó ìlú rẹ̀, wọ́n sì mú un lọ. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ní 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú náà, wọ́n sì gbé àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown, ní Sierra Leone.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ sílé-ìwé, ó tọrọ ààbọ̀ pẹ́nì lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀ kan kó lè ra káàdì lẹ́tà tirẹ̀. Láàárín bí oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun. Ẹ rò ó wò: ọmọ tí kò ní ilé mọ́, ó ń ra A, B, D.

Ohun tó fi ìmọ̀ yẹn ṣe ló yà mí lẹ́nu. Ní 1843, wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde nílùú London, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá. Nígbà yẹn, Samuel Crowther ni ayé ti ń pè é. Apá kìíní, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣáájú, ìtumọ̀ Yorùbá sì tẹ̀ lé e. Apá kejì, Yorùbá ló ṣáájú. Ẹnu ọ̀nà kan ni, ṣùgbọ́n ó ṣí síwájú, ó ṣí sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò gba ibẹ̀ wọlé, Òyìnbó tó bá fẹ́ kọ́ Yorùbá yóò gba ibẹ̀ wọlé, kò sì sẹ́ni tó fi èdè rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ìlẹ̀kùn.

Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń túmọ̀ Bíbélì, wọ́n kan àwọn orúkọ tí nǹkan wọn ò sí nílẹ̀ wa rárá. Kí lẹ máa pe snow fún ẹni tó jẹ́ pé ooru ló mọ̀? Wọ́n pè é ní òjò dídì. Ẹni tí kò rí i rí ti mọ òjò, ó ti mọ bí òróró ṣe ń dì lásìkò ọyẹ́. Ó ti ní ohun méjì tí yóò fi dé ibẹ̀.

Nígbà tí orúkọ kúrò lára nǹkan

Ní 1896, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, St Andrew's College, bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Láti Ìlọrà sí Ọ̀yọ́ ò jìnnà, ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù lè fi ẹsẹ̀ rìn ín. Láti irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni tíṣà ti ń jáde lọ sí ìlú àti abúlé. Ní 1925, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà pé ó yẹ kí ilé-ìwé máa lo èdè abínibí. Àwọn tó ní Gẹ̀ẹ́sì náà ló sọ bẹ́ẹ̀ o.

Lẹ́yìn náà ni 17 Oṣù Kìíní 1955 dé, ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Awólọ́wọ̀, tí Awókòyà sì jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Ní 1954, àwọn ọmọ tó wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ò ju bí 457,000 lọ. Ní 1955, wọ́n ti lé ní 811,000. Ìyá mi àgbà wà lára wọn. Wọ́n ní kí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí wọ́n fọwọ́ kan etí òsì. Ọwọ́ kan etí, wọ́n sì gbà wọ́n wọlé.

Mo ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún mi. Wọ́n ní Aláwìíyé, ìwé J. F. Ọdúnjọ, ni wọ́n kọ́kọ́ kà, títí Yorùbá fi yọ̀ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní nígbà tó kan Gẹ̀ẹ́sì, tíṣà á gbé nǹkan wá sí kíláàsì. "Ó máa gbé ọsàn sókè, á pe orúkọ rẹ̀, àwa náà á pè é. Ó máa gbé ìgbálẹ̀, á gbé garawa. Tí a bá ti pè é tán, àwa tá a bá pè é dáadáa la máa jẹ ọsàn." Mo ní, "Ìgbálẹ̀ ńkọ́, màmá?" Wọ́n ní, "Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ló ń fi gbálẹ̀."

Ẹ wá gbọ́ tèmi. Èmi lọ sí ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìlọrà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwòrán ńlá kan wà lára ògiri, lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n àti àwòrán wọn. Ápù pupa, ilé yìnyín tí wọ́n ń pè ní igloo, ẹṣin onílà-ara tí wọ́n ń pè ní zebra. Mo mọ gbogbo wọn lórí. Mi ò tíì fọwọ́ kan ápù rí títí mo fi wọ ilé-ìwé gíga. Bí a bá sì fi Yorùbá pe ohunkóhun, wọ́n á so pátákó kékeré kan mọ́ wa lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ "vernacular" ló wà lára rẹ̀. Mo gbé e kọ́rùn láàárọ̀ ọjọ́ kan torí pé mo ní kí ọ̀rẹ́ mi fún mi ní ọsàn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kò sẹ́ni tó sọ fún wa ohun tí vernacular túmọ̀ sí. Mo rò pé orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ kan ni, bí olè. Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo tó wo ìdí ọ̀rọ̀ náà. Látinú èdè Látìn ló ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ verna: ẹrú tí wọ́n bí sínú ilé olówó rẹ̀. Ohun tí wọ́n so mọ́ mi lọ́rùn nìyẹn, mo sì gbé e láàárọ̀ títí di ìgbà tí agogo lù.

Ọsàn kì í ṣe orange nìkan

Ìṣòro mìíràn tún wà. Bí a bá ń há orúkọ sórí bí ẹni ka táàbù, a máa ń rò pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan dúró fún ọ̀rọ̀ Yorùbá kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fún ìyá mi àgbà, ọsàn jẹ́ orúkọ ìdílé: ọsàn mímu wà, ọsàn wẹ́wẹ́ tó kan gógó wà, ọsàn àgbálùmọ̀ wà. Ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì pín wọn sí. Ẹsẹ̀ wa, láti itan dé ọmọ ìka, ẹyọ kan ni. Gẹ̀ẹ́sì ní leg, ó tún ní foot. Ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ àti ẹran tó ń jẹko, ẹran ni wọ́n lọ́dọ̀ wa. Torí náà ni ọmọ ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì pé "meat" ń sá kiri lóko, tí wọ́n sì ń nà án. Ọmọ yẹn ò ya òpònú, ó ń ronú ni.

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wá ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì á bi yín léèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Yorùbá á bi yín léèrè ta ló kọ́kọ́ dé. Ẹni tó mọ méjèèjì mọ̀ pé ọ̀nà méjì ló wà láti wo ìdílé kan. Ẹni tó kan há "brother" sórí, tó sì gbàgbé ẹ̀gbọ́n, ojú kan ló fi ń wòran.

Ohun tí wọ́n dán wò n'Ífẹ̀

Mo sọ gbogbo èyí fún àǹtí mi, ìyá ọmọ tó di fóònù mú. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin. Wọ́n wá ní, "Ìwọ tó o ti gboyè tán lò ń sọ̀rọ̀. Ṣé Yorùbá lo fi ṣe JAMB? Ọmọ tèmi ò ní jókòó sídìí ọsàn." Mi ò lè bínú sí wọn. Ohun tí wọ́n sọ kì í ṣe irọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́, ẹni tí kò gbọ́ ọ yóò dúró síta.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti bi ìbéèrè àǹtí mi yìí rí, wọ́n sì ti dán an wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ìwé St Stephen's 'A', ní Modákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ àwùjọ. Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Wọ́n kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, lọ́dọ̀ tíṣà tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Àwọn ọmọ mìíràn ń ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀: Yorùbá ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọn àwọn méjèèjì wò, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe dáadáa jù, wọ́n sì tún ta àwọn yòókù yọ nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ìjọba ò sì tíì pinnu síbẹ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ ti 1977 ní kí wọ́n fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀. Ní 2022, wọ́n ní kó jẹ́ ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní Oṣù Kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Èmi rò pé ohun tó jẹ́ kí Modákẹ́kẹ́ yọrí sí rere ni tíṣà tó mọṣẹ́ àti ìwé tí wọ́n kọ dáadáa. Bí méjèèjì ò bá sí, èdè yòówù kí wọ́n lò, ọmọ á kàn máa há ọ̀rọ̀ sórí ni.

Lásìkò kan náà, ẹ wo ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ní 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford fi danfo, buka àti tokunbo kún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún fi japa, gele, adire àti eba kún un. Àwọn onímọ̀ Òyìnbó ń kọ́ orúkọ nǹkan wa, bí Àjàyí ṣe kọ́ tiwọn. Wọn kì í sì í so pátákó mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Kí n tó lọ

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ àǹtí mi, mo fún un ní ọsàn kan tí wọ́n ti bó. Mo ní, "Kí nìyí?" Ó ní, "Ọsàn." Mo ní, "Òun náà ló ń jẹ́ orange." Ó wò mí bí ẹni tó ń tàn án jẹ. Ó mu ún díẹ̀. Ó yíjú sí àwọn apẹ̀rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nàka: "Orange, orange, orange, orange." Ó kà á títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Àǹtí mi ń wò wá láti ẹ̀gbẹ́ àtẹ, wọn ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọ̀pẹ̀yìnbó kan sókè, wọ́n ní, "Eléyìí ńkọ́?"

Tí àbúrò tàbí ọmọ kékeré bá wà nílé yín, tó ń kọrin lẹ́tà pẹ̀lú fóònù, ẹ má gba fóònù náà o. Ẹ kàn bá a wá nǹkan náà nínú ilé. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kàn án, kó gbóòórùn rẹ̀, kó fi Yorùbá pè é, kó fi Gẹ̀ẹ́sì pè é. Ibi tí kò bá sí nǹkan náà, ẹ wá ohun tó jọ ọ́.

Ẹ̀yin náà, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo lẹ mọ̀ tipẹ́ kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó jẹ́? Ẹ ti gbọ́ tèmi. Títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó dàbọ̀ o.